Ìbéèrè àti ìdáhùn: Ìyípo mélòó ni kí n wé sára píkọ́ọ̀pù gìtá báàsì mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Irú Precision Bass àtijọ́ ni gìtá báàsì mi, èyí tí píkọ́ọ̀pù rẹ̀ (ohun tó ń sọ ìró okùn di iná) pín sí méjì. Ohùn rẹ̀ ṣàdédé lọ, ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù wá rí tín-ín-rín bí ohùn rédíò kékeré. Mítà ka 5.2 kílóọ̀mù lórí ìdajì kan, kò ka nǹkan kan lórí ìkejì. Mo fẹ́ wé méjèèjì lọ́tun. Àwọn kan ní kí n wé e títí á fi ka 13 kílóọ̀mù, pé á lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ má wé e dé 13. Ìyípo wáyà àti òòfà ló ń fún píkọ́ọ̀pù lóhùn. Ọ̀ọ̀mù, òṣùwọ̀n bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó, kàn ń sọ bí wáyà ṣe gùn tó àti bó ṣe tín-ín-rín tó ni. Bọ́wọ́ yín bá le jù lórí wáyà, á nà, á tún tín-ín-rín sí i, mítà á wá ka nọ́ńbà ńlá láìjẹ́ pé ìyípo kan ṣoṣo lé. Ooru náà ń tan èèyàn jẹ: kọ́ìlì (wáyà tí wọ́n wé jọ) tó ka 10 kílóọ̀mù ní 20°C á ka nǹkan bíi 10.4 ní 30°C. Kọ́ìlì kan náà ni o. Kẹ́ ẹ tó dé 13 lóòótọ́, ẹ ó wé tó 12,000 ìyípo sórí ìdajì kọ̀ọ̀kan. Ohùn á ki, ṣùgbọ́n ìró òkè á rọ̀, ìka tó ń ta okùn ò ní dún ketekete mọ́, kọ́ìlì sì lè sanra débi pé ìdérí ò ní wọ̀ ọ́. Ohùn àtijọ́ wà ní nǹkan bíi 10,000 ìyípo lórí ìdajì kọ̀ọ̀kan, tí àpapọ̀ á fi ka 10 sí 11 kílóọ̀mù.

Kẹ́ ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ yẹ ibi tí wáyà ti wọ ihò irin kékeré lábẹ́ kọ́ìlì wò. Ó máa ń já síbẹ̀, tó bá sì jẹ́ ibẹ̀ ni, sódà bíńtín ti parí ọ̀rọ̀. Tí kì í bá ṣe ibẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìpẹtà ti jẹ ẹ́ láti inú: ara ọ̀pá òòfà gan-an ni wọ́n wé wáyà mọ́, òógùn ọwọ́ sì ń mú ọ̀pá yẹn dípẹtà. Ìdajì méjèèjì tò tẹ̀ lé ara wọn, iná kan náà ló ń gba inú wọn kọjá, ìdí nìyẹn tí èyí tó kú fi pa èyí tó yè lẹ́nu mọ́. Ní tèmi, èyí tó kú nìkan ni mà á wé. Èyí tó ń ka 5.2 kò lẹ́bi, òun sì ni àwòkọ́ṣe yín: ara rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti wọn gígùn ọ̀pá òòfà àti àyè tó wà láàárín wọn.

Wáyà 42 AWG (nọ́ńbà tó ń sọ bí wáyà ṣe tín-ín-rín tó) ni kẹ́ ẹ rà. Bàbà inú rẹ̀ fẹ̀ tó 0.063 mílímítà, bí irun orí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà kan tó ń wọ ìdajì kan. 100 gíráàmù tó, títí kan èyí tó máa já mọ́ yín lọ́wọ́, torí ó máa já. Plain enamel tàbí Formvar, irú ọ̀dà méjì tó ń bo ara wáyà, ni wọ́n ń lò láyé àtijọ́; Formvar kì í yọ́ fún sódà, ẹ ní láti fi sáńpépà tó kúnná ha orí rẹ̀ kó tó mú.

Ọ̀pá Alnico 5 (irú irin òòfà kan) mẹ́rin ló wọ ìdajì kan, fífẹ̀ wọn jẹ́ 4.75 mílímítà. Ẹ ra èyí tí kò tíì ní agbára òòfà, torí èyí tó ti ní in á máa ti ara wọn, á máa fa ara wọn, bẹ́ ẹ ṣe ń kì wọ́n bọ páálí líle tó di orí àti ìdí kọ́ìlì mú. Ẹ fi sáńpépà ra etí páálí, ẹ kun àwọn ọ̀pá ní fáníìṣì, kó gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ tó wé ohunkóhun. Ọ̀pọ̀ máa ń fo fáníìṣì yìí, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó pa ti tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá ń wé e, 500 sí 800 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan tó; ní 800, ìṣẹ́jú méjìlá àtààbọ̀ péré ni 10,000. Àwọn kan ń so ẹ̀rọ ìṣirò mọ́ ọn láti kà á, ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá sáré jù, á máa fo òǹkà. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ di wáyà mú láàárín ìka méjì, ẹ máa gbé e lọ gbé e bọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ kọ́ìlì tó ti parí, tó rọ̀ bí fóòmù, á máa hu níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Tó bá le bí òkúta, ẹ ti na wáyà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ìsopọ̀. Láti 1957 tí Fender, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Precision Bass, ti pín píkọ́ọ̀pù yìí sí méjì, ọgbọ́n rẹ̀ ni pé òòfà ìdajì kan kọ orí àríwá sókè, ti ìkejì kọ gúúsù, ìkùn iná tí wọ́n jọ ń gbé sì pa ara rẹ̀. Ẹ fi kọ́mpáàsì wo èyí tó yè, kẹ́ ẹ sì yí ti tuntun sódì sí i: ẹ há ọ̀pá náà sáàárín òòfà neodymium ńlá méjì tó ń fa ara wọn. Bí wọ́n bá wé méjèèjì sí apá kan náà, ẹ so ẹnu ìbẹ̀rẹ̀ wọn pọ̀, kí ẹnu ìparí kan lọ sí bọ́tìnnì ohùn, kí ìkejì lọ sí ilẹ̀ (wáyà earth). Ìkùn kò mọ òòfà o, ìsopọ̀ ló mọ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé e sódì, okùn kọ̀ọ̀kan á ṣì dún dáadáa torí ìdajì kọ̀ọ̀kan ló ní okùn tirẹ̀, ìkùn nìkan ló máa tú yín fó. Lórí Jazz Bass, gìtá báàsì Fender mìíràn, níbi tí píkọ́ọ̀pù méjèèjì jọ ń gbọ́ okùn kan náà, ohùn ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀ ló máa lọ.

Ẹ fi mítà dán an wò: ẹ gbé e sí 20 kílóọ̀mù, ẹ fi súkúdíráífà kan ọ̀pá ìdajì kan, lẹ́yìn náà ti ìkejì. Nọ́ńbà á fò díẹ̀. Apá kan náà ló yẹ kó fò sí lórí méjèèjì. Bí ọ̀kan bá lọ sókè tí ìkejì lọ sílẹ̀, ẹ pààrọ̀ ẹnu wáyà ìdajì kan.

Lẹ́yìn náà ẹ rì í sínú pàráfíìnì ìdá 80 àti ìda oyin ìdá 20, ní 60 sí 65°C, títí kò fi ní yọ èéfófó mọ́, bí ìṣẹ́jú 15 sí 20. Inú ìkòkò omi gbígbóná ni kẹ́ ẹ ti yọ́ ọ, ẹ má gbé e lé iná lásán, ẹ má sì jẹ́ kó ju 70 lọ, ọ̀rá ìdérí á wọ́.

Ẹ fi pọ́ọ̀tì (ohun tó wà lábẹ́ bọ́tìnnì ohùn) 250 kílóọ̀mù tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ okùn mọ́lẹ̀ níbi fúrẹ́ẹ̀tì (irin tẹ́ẹ́rẹ́ orí ọrùn gìtá) tó kẹ́yìn, kí àyè tó wà láàárín okùn E àti òòfà tó 3 mílímítà, kí ti G tó 2.4. Bí òòfà bá sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, á máa fa okùn, ìró á sì máa gbọ̀n bíi pé okùn méjì tí kò bára mu ló ń dún.