Kí ló dé tí bọ́ọ̀sì tí wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí nínú fi ń fì sọ́tùn-ún sósì lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ṣágámù?
Ẹrù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Omi 100 lítà, kílò 100 ni. Bí táńkì rẹ̀ bá wà lẹ́yìn pátápátá, iwájú ọkọ̀ á fúyẹ́, sítíárìn ò ní gbọ́ràn mọ́. Ẹ gbé e wá sáàárín. Ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà kí ọkọ̀ tó gbóná: ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe ojúwò fọganáísà.

Ẹ fi òkúta ti táyà ẹ̀yìn kó má yí, ẹ fi jáàkì gbé iwájú, kẹ́ ẹ mi táyà. Bó bá ń yẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, tie rod, irin tó so sítíárìn mọ́ táyà, ló sábà máa ń jẹ́ (kòtò kì í jẹ́ kó pẹ́). Lókè-nísàlẹ̀, ball joint (oríkèé irin tó di ẹsẹ̀ táyà mú) tàbí bẹ́árìn. Ẹ pààrọ̀ wọn kẹ́ ẹ tó ṣe alignment (títo táyà kó dúró gún), pẹ̀lú ẹrù nínú ọkọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó yẹn wọgbó.