Ẹ wá ibi tí omi ń gbà wọlé kí ẹ tó sanwó àyẹ̀wò afẹ́fẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrọ́jú. Mo ti fara balẹ̀ ka ohun tí ẹ kọ: ilé ayé Ọbabìnrin Fitoria ni, ní Peckham ní London, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, ohun dúdú ti hù bo ògiri lẹ́yìn wọ́dúróòbù, àyà ọmọ ń dún lóru, ilé iṣẹ́ kan sì ní kí ẹ san owó gọbọi kí àwọn wá yẹ afẹ́fẹ́ ilé wò. Ẹ ní ṣé kí ẹ san án.

Ẹ má tíì san án. Mi ò sọ pé àyẹ̀wò kò dára o. Èmi náà sanwó rẹ̀ nígbà kan, ó sì ṣe wá láǹfààní, màá sọ bó ṣe jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti fi ojú ara yín rí mould, ohun dúdú tó ń hù níbi tó bá tutù yẹn, lára ògiri. Ohun tí ẹ kò tíì mọ̀ ni ibi tí omi tó ń bọ́ ọ ti ń wá, ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ kò sì lè sọ ìyẹn fún yín. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ló ṣáájú. Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kúrò nínú yàrá yẹn lálẹ́ òní. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dọ́kítà, ẹ sọ fún un pé mould wà níbi tó ń sùn, kí ó kọ ọ́ sínú fáìlì. Dọ́kítà kò nílò orúkọ irú mould tó wà lára ògiri kó tó lè tọ́jú ọmọ tí mímí ń nira fún, nítorí náà ẹ má dúró de èsì kankan. Lọ́dún 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé ìlànà jáde lórí ọ̀rinrin àti mould inú ilé. Wọ́n sọ níbẹ̀ pé ikọ́ fée àti àìsàn èémí máa ń pọ̀ sí i lára àwọn tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fi iye kan lélẹ̀ pé tí mould inú afẹ́fẹ́ kò bá ti ju báyìí lọ, kò séwu. Ohun tí wọ́n ní ká ṣe ni pé ká má gba ọ̀rinrin láyè, ká sì mú èyí tó ti wà kúrò. Tí ẹnì kan bá wá fún yín ní bébà tí wọ́n fi yíǹkì pupa kọ nọ́ńbà sí, tó ní ilé yín ti kọjá ààlà òfin, ẹ bi í pé òfin wo. Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ nílùú Ọba yìí.

Ilé tiwa wà ní Plumstead, ó sì ti wà níbẹ̀ kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀. Ikọ́ fée ń da ọmọkùnrin wa láàmú, ìgbà òtútù ló sì máa ń le jù. Ilé iṣẹ́ kan tó ń kéde pé ọ̀fẹ́ ni àwọn ń yẹ ọ̀rinrin wò ló kọ́kọ́ rán èèyàn wá. Arákùnrin náà mú ẹ̀rọ kékeré kan tó ní abẹ́rẹ́ méjì lẹ́nu dání. Ó ń tì í bọ ògiri, ẹ̀rọ ń ké, gbogbo ibi tó tì í bọ̀ ló ti ké. Ó ní omi ilẹ̀ ló ń gòkè sínú ògiri: kí wọ́n lu ihò yí ìsàlẹ̀ ilé ká, kí wọ́n rọ kẹ́míkà sí i, kí wọ́n ha pílásítà àtijọ́ dànù, kí wọ́n fi ti sìmẹ́ǹtì rọ́pò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ni iye tó kọ. Mo wá bi í pé, ibi tó dúdú jù nínú ilé yìí ni igun àjà yàrá òkè, báwo ni omi ilẹ̀ ṣe débẹ̀? Nítorí omi tó bá ń ti ilẹ̀ gòkè nínú ògiri bíríkì kì í sábà kọjá mítà kan sí mítà kan àbọ̀. Kò rí èsì fún mi, a ò sì fọwọ́ sí ìwé rẹ̀.

Igi ni wọ́n dìídì ṣe ẹ̀rọ alábẹ́rẹ́ yẹn fún, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sọ́kàn. Ohun tó ń wọ̀n ni bí iná ṣe ń gba àárín abẹ́rẹ́ méjèèjì kọjá. Nínú pílásítà ilé àtijọ́, iyọ̀ tó ti jáde láti inú bíríkì, àti èyí tí èéfín èédú fi síbẹ̀ nítòsí ibi ìdáná ayé àtijọ́, lè mú kó ké nígbà tí ògiri ò fi bẹ́ẹ̀ tutù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye omi tó wà nínú ògiri gan-an á lu ihò, á gba ìyẹ̀fun bíríkì ibẹ̀, á wọ̀n ọ́n, á gbẹ ẹ́ nínú ààrò, á tún un wọ̀n. Tàbí kó pò ó mọ́ kábáìdì, irú èyí tí àwọn wẹ́dà ń lò nílé, nínú ìgò irin tí wọ́n dé pa. Omi inú ìyẹ̀fun yẹn àti kábáìdì á jọ di gáàsì, agbára gáàsì náà ló máa fi iye omi hàn.

Ẹni kejì tí a pè, àwa fúnra wa la sanwó fún un. Sọ̀feyọ̀, ẹni tó ń yẹ ilé wò, ni, ó ní ìwé ẹ̀rí RICS, ẹgbẹ́ àwọn sọ̀feyọ̀ nílùú Ọba, ilé àtijọ́ sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ta kẹ́míkà, kì í ta fáànù, kò sí ilé iṣẹ́ atúnléṣe kankan tó ń fún un ní owó ẹ̀yìn. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, inú rẹ̀ sì dùn sí òjò yẹn. Ìta ló kọ́kọ́ dúró sí, tó ń wo òkè. Oríkèé gọ́tà òrùlé ti já lẹ́yìn ilé, omi òjò ń ṣàn sára ògiri ní ọ̀gangan igun yàrá òkè yẹn gan-an. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ wo ìdí ògiri. Ẹni tó ta ilé fún wa ti fi kọnkéré gbé ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé sókè títí tó fi bo àwọn bíríkì oníhò tó wà nísàlẹ̀.

Ó wá ṣàlàyé bí ilé wọ̀nyí ṣe ń ṣiṣẹ́. Ògiri wọn kò ní àlàfo láàárín bí ti ilé ìgbàlódé, bíríkì tó fẹ̀ tó ínǹṣì 9 ni látita dé inú, lime, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń lò kí sìmẹ́ǹtì tó gbòde, ni wọ́n sì fi mọ ọ́n. Ó máa ń mu omi òjò díẹ̀, atẹ́gùn àti oòrùn á sì gbẹ ẹ́. Bí wọ́n bá ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ tàbí tí wọ́n fi ọ̀dà oníke kùn ún, omi tó bá wọlé kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Pákó ni ilẹ̀ ìsàlẹ̀, àlàfo wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn bíríkì oníhò yẹn ni atẹ́gùn ń gbà kọjá kí pákó má bàa jẹrà. Ilẹ̀ ìta sì yẹ kó fi nǹkan bíi mìlímítà 150 rẹlẹ̀ ju ìlà tí wọ́n tẹ́ sínú ògiri láti dá omi ilẹ̀ dúró. Àwọn èèyàn wa máa ń fi akísà dí àwọn ihò yìí nítorí òtútù, mo ti rí i nílé púpọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ akísà náà. Èyí tó bá wà nínú yàrá tí ẹ̀rọ gáàsì wà tilẹ̀ léwu ju ti mould lọ, torí gáàsì olóró tí kò ní òórùn lè pa gbogbo ilé mọ́jú.

A tún gọ́tà ṣe, igun àjà gbẹ, a sì ṣe ibẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n òórùn kan ṣì wà ní pálọ̀, bí aṣọ tó pẹ́ nínú omi, a ò sì rí nǹkan kan lára ògiri. Ìgbà yìí la wá sanwó fún àyẹ̀wò afẹ́fẹ́, nítorí ìbéèrè tí ojú kò lè dáhùn wà nílẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí. Ẹ̀rọ kan ń fa afẹ́fẹ́ gba inú ike pẹlẹbẹ kan tó ní gíláàsì tó lẹ̀ nínú, ó sábà máa ń jẹ́ lítà 15 ní ìṣẹ́jú kan. Irúgbìn mould tí ojú kò lè rí á lẹ̀ mọ́ gíláàsì náà, ilé àyẹ̀wò á sì fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá kà á. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé wọ́n gba afẹ́fẹ́ pálọ̀, wọ́n gba ti yàrá tí kò ní ìṣòro, wọ́n sì gba ti ìta lọ́jọ́ kan náà. Mould wà nínú afẹ́fẹ́ gbogbo ayé, nítorí náà iye inú ilé nìkan kò sọ nǹkan kan. Irú mould kan tó ń jẹ́ Cladosporium, fún àpẹẹrẹ, ó pọ̀ rẹpẹtẹ níta, ó sì ń bá wíńdò wọlé. Ṣùgbọ́n irú méjì mìíràn, Aspergillus àti Penicillium, pọ̀ ní pálọ̀ wa ju ti ìta lọ fíìfíì, ohun kan nínú ilé ló sì ń tú wọn jáde. Wọ́n ṣí pákó ilẹ̀ pálọ̀, wọ́n bá igi tó gbé pákó dúró tí ó tutù rinrin, tí mould ti bò ó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí kọnkéré ti dí ihò rẹ̀ gan-an. A hú kọnkéré kúrò, a pààrọ̀ igi tó ti jẹrà, atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá, òórùn sì lọ. Ikọ́ fée ọmọ wa kò parẹ́, ṣùgbọ́n òru rẹ̀ dẹ̀ gan-an.

Irú ìgbà bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò yẹ: tí òórùn bá wà tí ẹ ò rí nǹkan, tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ tí wọ́n ṣe parí dáadáa, tí dọ́kítà bá béèrè fún un nítorí ẹni tí ara rẹ̀ kò lè gbógun ti àìsàn, tàbí tí ẹjọ́ bá wà. Síbẹ̀, ẹ má gbára lé èsì kan ṣoṣo. Iye yẹn ń yí padà láti wákàtí dé wákàtí, bí ẹnì kan bá gbá ilé tàbí ṣí wíńdò, ó ti yàtọ̀. Stachybotrys, irú mould dúdú tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń dẹ́rù ba gbogbo èèyàn, irúgbìn rẹ̀ máa ń lẹ̀ ni, kì í sábà fò, afẹ́fẹ́ lè má gbé e rárá nígbà tó bo ẹ̀yìn pákó. Ìgò pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà pé kí ẹ ṣí sílẹ̀ nínú yàrá kí ẹ wo ohun tó máa hù, ẹ má ra á. Nǹkan á hù nínú rẹ̀ nílé ẹnikẹ́ni.

Lórí ẹni tí ẹ máa pè, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni láàyè láti yí mi lọ́kàn padà: ẹni tó máa yẹ ilé wò kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó máa tà àtúnṣe. Ní ìpínlẹ̀ New York, òfin tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016 ti là á kalẹ̀ pé ẹni tó bá yẹ mould wò kò lè jẹ́ ẹni tó máa kó o kúrò nínú iṣẹ́ kan náà, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì. Níbí, kò sí láísẹ́ǹsì tí òfin béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń yẹ mould wò, ẹnikẹ́ni lè tẹ káàdì. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ béèrè ẹni tó ń san owó fún un.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í sọ. Kí ẹnikẹ́ni má ha àjà tàbí ọ̀dà àtijọ́ ní gbígbẹ. Ọdún 1999 ni wọ́n tó fòfin de asbẹ́stọ́ọ̀sì, ohun ìkọ́lé tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, pátápátá nílùú yìí, ó sì lè wà nínú ohun tí wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ sí àjà yín. Òjé sì wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà ilé tó ti pẹ́. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ìyẹn wò kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, owó tí mo máa fayọ̀ san nìyẹn. Bákan náà, kí ẹ má kun mould ní ọ̀dà, ẹ má sì rò pé bílíìṣì ti pa á lára pílásítà. Funfun ló máa sọ ọ́, á tún jáde.

Ẹ ní ẹni tó wá sọ pé oúnjẹ yín ló fà á. Ooru omi iṣu àti aṣọ tí a sá sórí ẹ̀rọ ìmúlé-móoru ń dá kún un lóòótọ́, nítorí náà ẹ dé ìkòkò, ẹ tan fáànù ilé ìdáná, ẹ sún wọ́dúróòbù kúrò lára ògiri ìta. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kí n má rántí Awaab Ishak. Ọmọ ọdún méjì ni, ó kú ní Rochdale lóṣù Kejìlá ọdún 2020. Lóṣù Kọkànlá ọdún 2022, Joanne Kearsley, coroner, ìyẹn adájọ́ tó ń wádìí ohun tó pa èèyàn, dájọ́ pé mould inú fúláàtì wọn ló fa àìsàn èémí tó pa á. Bàbá rẹ̀ ti ń fẹjọ́ sùn láti 2017, wọ́n ní kó fi ọ̀dà kùn ún. Sudan ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, àwọn onílé sì gbà pé ìgbé ayé wọn ló fà á. Gbogbo ẹni tó wọ fúláàtì yẹn ló rí mould náà. Kì í ṣe àyẹ̀wò ni wọn kò ní.

Nítorí ọmọ yẹn ni ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé káńsù tàbí ti housing association (ẹgbẹ́ tó ń fi ilé fún ará ìlú háyà) ní England ṣe ní òfin kan báyìí, láti ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ewu pàjáwìrì, kí onílé wá wò ó kí ó sì mú un kúrò láàárín wákàtí 24. Ewu ńlá mìíràn, kí wọ́n wá wò ó láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10, kí wọ́n kọ àbájáde ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 3, kí wọ́n sì mú ewu kúrò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 5 lẹ́yìn ìwádìí. Ẹ má fi owó ara yín ṣe àyẹ̀wò tí iṣẹ́ onílé ni. Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́dọ̀ lánlọ́ọ̀dù aládàáni, ẹ ké sí ẹ̀ka ìlera àyíká ní káńsù yín, wọ́n lágbára láti wá wo ilé náà lábẹ́ òfin ilé gbígbé (Housing Act) ọdún 2004.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ra hygrometer, ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, kò ju nǹkan bíi pọ́n-ùn 10 lọ. Ẹ gbé e sí yàrá yẹn, ẹ kọ ohun tó bá kà láàárọ̀ àti lálẹ́. Tó bá ń pẹ́ lókè 70 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ẹ sì ń ṣí wíńdò, sọ̀feyọ̀ máa nílò ìwé yẹn. Ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó nu ohunkóhun. Kí ẹ sì fi ìwé iye owó tí ilé iṣẹ́ yẹn kọ fún yín hàn mí, ẹ yọ orúkọ àti àdírẹ́sì yín kúrò níbẹ̀. Màá wò ó pẹ̀lú yín ní ìlà kọ̀ọ̀kan.