Mọ́tò onítọ́bò ń yí táyà lójú kan: èwo ni kí n rà fún un?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Igbogbo ni mò ń gbé, ní Ìkòròdú níbí. Mo ra Golf GTI 2016 ní bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, 2.0 tọ́bò, rìmù 18 ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, 225/40R18 ni wọ́n kọ sára táyà. Mọ́tò yẹn gbóná gan-an, wàhálà ibẹ̀ ni pé tí mo bá ti tẹ tọ́tù ní gíà kìíní àbí ìkejì, táyà iwájú á kàn máa yí lójú kan, iná traction (èyí tó ń sọ pé táyà ń yọ̀) á máa ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, sitíárìn á máa fà mí sọ́tùn-ún sósì, tójò bá wá rọ̀, ẹ má wulẹ̀ sọ. Lọ́jọ́ kan ní Ogolonto mo tẹ bùréèkì lẹ́yìn dánfó kan, ọkọ̀ mi ń yọ̀ lọ bí ẹni tó tẹ ewédú mọ́lẹ̀, díẹ̀ ló kù kí n kọlù ú. Bẹ́ẹ̀ trẹ́ẹ̀dì (ihò ojú táyà) yẹn ṣì pọ̀ dáadáa o. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ ra semi-slick tokunbọ̀, táyà tójú ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dán, pé òun làwọn tó ń fi mọ́tò díje ń lò, ẹlòmíì ní kí n fẹ táyà yẹn láti mílímítà 225 sí 245. Èwo ni kí n ṣe? (Ọmọ Igbogbo)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, kú oríire mọ́tò, kú ewu dánfó náà, torí ẹnu dírẹ́bà yẹn nìkan ì bá tó ìyà jẹ ọ́ kó tó kan owó bọ́ńpà.

Ohun tó ń ṣe ọkọ̀ ẹ ò le láti mọ̀. Ẹ́ńjìnnì tí ò ní tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ kún inú ẹ́ńjìnnì, máa ń mú agbára wá díẹ̀díẹ̀ bó o ṣe ń tẹ̀ ẹ́, tìẹ ò rí bẹ́ẹ̀, nígbà tí géèjì bá fi máa dé bíi 1,500 rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) tọ́bò ti jí, ó ti da 350 Nm agbára ìyípo sílẹ̀ gbà-á, orí ta ló sì dà á sí? Orí táyà iwájú méjì péré. Àwọn méjì yẹn náà ló ń yà kọ́nà, àwọn náà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ bùréèkì. Tún wá wò ó, bó o bá ṣe ń tẹ tọ́tù ni ọkọ̀ á gbé imú sókè, á fìdí jókòó, ìwúwo tó yẹ kó tẹ táyà iwájú mọ́lẹ̀ á sá lọ sẹ́yìn, ìyẹn ni pé ìgbà tó yẹ kí táyà iwájú di ilẹ̀ mú jù lọ gan-an ni ilẹ̀ ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan ti ń kan títì ò sì fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ, mọ́tò ẹ gan-an nìyẹn báyìí.

O ní trẹ́ẹ̀dì ṣì pọ̀. Èmi ò bá trẹ́ẹ̀dì jà, rọ́bà ni kó o bá mi wò. Bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ kó o wo ẹ̀gbẹ́ táyà, níbi tí wọ́n kọ DOT sí, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni ọjọ́ orí ẹ̀: 2318, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2018 nìyẹn. Táyà tó ti pẹ́ báun lábẹ́ oòrùn tiwa yìí, rọ́bà ẹ̀ á ti le bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà ológun, kódà kí ẹnikẹ́ni má tíì wà á rí, torí àwọn tó ń tà á mọ bí wọ́n ṣe ń fi oògùn dúdú kùn ún tó fi máa ń dán. Àwọn Road Safety máa ń sọ pé táyà ò gbọ́dọ̀ ju ọdún 4 lọ. Nọ́ńbà kejì tó o máa wò ni TREADWEAR, bí táyà ṣe máa pẹ́ tó kó tó jẹ. Táyà kan tí wọ́n fún ní 100 ni wọ́n fi ń díwọ̀n, tó bá jẹ́ 500, wọ́n ń sọ pé ó máa pẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún tiẹ̀. Ó dùn létí àbí? Ṣùgbọ́n rọ́bà tó máa pẹ́ tóyẹn sábà máa ń le, èyí tó le kì í fẹ́ di ilẹ̀ mú. Mọ́tò bíi tìẹ, bíi 300 ni kó o máa wá, kí TRACTION tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń di títì tútù mú, sì jẹ́ AA tó ga jù tàbí ó kéré jù A. Michelin Pilot Sport 4S jẹ́ 300, AA, irú ẹ̀ ni mò ń sọ, Continental, Pirelli, Bridgestone náà ní tiwọn. Kó o kàn mọ̀ pé ilé iṣẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan ló ń fún ara ẹ̀ ní nọ́ńbà treadwear yìí, torí náà má fi ti ọ̀kan ṣe òdiwọ̀n ìkejì jù.

Táyà tí mo sọ yìí, summer (ti ìgbà ooru) ni òyìnbó ń pè é. Má jẹ́ kórúkọ yẹn dà ẹ́ láàmú. Lọ́dọ̀ tiwọn, tójú ọjọ́ bá ti lọ sísàlẹ̀ 7 lórí Celsius, rọ́bà ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gan, ni wọ́n ṣe ń yọ ọ́ tí òtútù bá dé. Níbo la ti fẹ́ rí 7 ní Ìkòròdú, àfi inú fìríìjì. All-season (ti gbogbo àsìkò) tí gbogbo ayé ń rà, wọ́n ti bu díẹ̀ kúrò nínú agbára ẹ̀ nígbà ooru kó lè gbé yìnyín díẹ̀, ìwọ á wá máa sanwó yìnyín tí ò ní bọ́ sí Sábó láéláé. Èyí tó tún burú jù ni táyà òtútù paraku tó máa ń wà nínú tokunbọ̀ tó ń ti Yúróòpù wá, tó o bá rí àwòrán òkè pẹ̀lú yìnyín nínú ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín, rọ́bà yẹn rọ̀ jù fún títì gbígbóná, ṣe lá máa jẹ bí ìrésà.

Ti semi-slick, rárá. Ojú ẹ̀ ò ní ihò omi tó tó, ó sì fẹ́ kó gbóná kó tó mú. Tójò oṣù kẹfà bá da omi sí ọ̀nà Majidun, táyà yẹn á gun orí omi ni, sitíárìn á fúyẹ́ lọ́wọ́ ẹ, o ò ní kan ilẹ̀ mọ́. Ká má tíì sọ pé tokunbọ̀ ni, táyà àlòkù kéékèèké báwọ̀nyí sì wà lára ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù ò gbà kó wọlé. Èmi náà ti gọ̀ rí o, mo ra méjì lọ́wọ́ ẹnì kan torí orúkọ ńlá tó wà lára ẹ̀, n ò ka DOT, ọ̀sẹ̀ kẹta ni kókó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan bí eéwo, ọpẹ́lọpẹ́ fọkanáísà tó rí i kí n tó kọrí sí ọ̀nà Sàgámù.

245 wá ńkọ́? Rìmù 18 tó bá GTI ẹ wá, ínṣì 7.5 ni fífẹ̀ ẹ̀, táyà 245/40 sì ń fẹ́ ó kéré tán ínṣì 8. Tó o bá fipá kì í sí i, ẹ̀gbẹ́ á yọ ikùn, á máa jó nínú kọ́nà. Rọ́bà tó dáa ní 225 á na rọ́bà burúkú ní 245 nígbàkigbà.

Èrò tèmi gan-an, tí mo mọ̀ pé o ò ní fẹ́ gbọ́: sọ̀ kalẹ̀ sí rìmù 17. Mo mọ̀, 18 ló ń ṣe ṣàkàráà. Ṣùgbọ́n 40 yẹn, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún 225 ni, ìyẹn mílímítà 90 péré ló wà láàárín rìmù ẹ àti gbogbo kòtò tó wà láti Ìtamàga dé Odogunyan. 225/45R17 á fún ẹ ní bíi 101, gíga táyà lápapọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, géèjì ìsáré ẹ ò ní parọ́. Volkswagen fúnra wọn fi 17 sára GTI míì. Kó o kàn rí i pé rìmù tó o fẹ́ rà ò kan kálípà, ohun tó ń fún páàdì bùréèkì mọ́ dísíkì. Owó tó bá ṣẹ́kù níbẹ̀, fi ra rọ́bà tó dáa. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn sáìsì ló ń sọ ìsáré tó pọ̀ jù tí táyà lè gbà, V jẹ́ 240 km ní wákàtí kan, W 270, Y 300, wá W tàbí Y, kì í ṣe torí kó o sáré tóyẹn o (níbo?), torí pé táyà tí wọ́n ṣe fún un ló lè gba ooru.

Kó o tó náwó sha, jẹ́ kí mẹkáníìkì wo bọ́ṣìn apá iwájú àti sítíńgì ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n bá ti jẹ, táyà wúrà pàápàá á máa fò. Kó o sì rọra tẹ tọ́tù tójò bá ń rọ̀, jàre.

ÌBÉÈRÈ: Mo ní Passat 1.8 onítọ́bò, owó táyà méjì ló wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó fẹ́ ta táyà náà fún mi ní iwájú ni ká ki tuntun sí torí iwájú ló ń fa ọkọ̀. Ọmọ mi ní ẹ̀yìn ni. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? (Ìyá oníṣòwò, Ijede)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o, màámi. Ọmọ yín ló gbà á. Lóòótọ́ iwájú ló ń yára jẹ, ìdí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ki tuntun síbẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n tí iwájú bá yọ̀ nínú òjò, ẹ máa mọ̀ lára sitíárìn, ẹ ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ọkọ̀ á padà wá. Tí ẹ̀yìn bá yọ̀, ọkọ̀ á yí po kẹ́ ẹ tó pe Jésù tán, díẹ̀ lára àwa tó ń wakọ̀ ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbà á padà. Ẹ kó méjì tó dáa jù nínú ti àtijọ́ wá síwájú, ẹ ki tuntun sẹ́yìn. Àfi tí trẹ́ẹ̀dì èyí tó ń bọ̀ níwájú ò bá tó mílímítà 3 mọ́, nígbà yẹn ẹ fara balẹ̀ títí owó mẹ́rin á fi pé, ẹ má sì bá òjò jáde. Méjèèjì tí ẹ bá rà, kí wọ́n jẹ́ oríṣi kan náà, sáìsì kan náà.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé òótọ́ ni pé nitrogen máa ń jẹ́ kí táyà di ilẹ̀ mú? (Oníbéèrè, Agric)

ÌDÁHÙN: Rárá o. Afẹ́fẹ́ tí fọkanáísà ń fún yín, bíi 78 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ ti jẹ́ nitrogen tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń bá táyà jà lọ́dọ̀ tiwa ni géèjì tí ò pé àti ẹni tó máa ń fún táyà gbogbo ọkọ̀ ní afẹ́fẹ́ 40 psi. Ẹ wo sítíkà tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn dírẹ́bà, iye tó wà níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ fún un láàárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn rárá. Tí ẹ bá ti fi nitrogen sí i, tó wá dín lójú ọ̀nà, ẹ ní kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ lásán kún un, kò sí nǹkan tó máa ṣe é.