Sienna tòkúnbọ̀ lórí òkè ilẹ̀ Òkun: abẹ́ ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Abúja ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ Ìsánlú ni ọkọ mi. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Sienna 2005 tòkúnbọ̀ kan tó wá láti Kánádà. A fẹ́ fi kó àwọn ọmọ àti ìyá ọkọ mi lọ sílé nínú oṣù Kejìlá. Èèyàn mẹ́jọ ni gbogbo wa. A ò kánjú. A fẹ́ gba Lọ́kọ́jà, Ọbàjànà àti Kàbà, ká yà sí Ògìdì kí àwọn ọmọ lè rí àwọn òkè olókùúta ibẹ̀, ká tó máa lọ sí Mọ̀pà àti Ìsánlú. Mẹkáníìkì wa tẹ́tí sí ẹ́ńjìn, ó ní kò sí wàhálà, ká máa lọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Àbí nǹkan kan wà tó yẹ ká ṣe sí i? (Ìyá Tọ́lá)

Ìdáhùn: Òkun o (bí àwa ará Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí ṣe ń kí èèyàn nìyẹn), ìyàwó wa. Mẹkáníìkì yín ò parọ́, àmọ́ ibi tó tẹ́tí sí kọ́ ni ewu wà. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìn rẹ̀ ò lágbára á kàn máa rọra gun òkè ni, àwọn tó wà lẹ́yìn yín á máa fun fèrè, ẹ ó sì débẹ̀ náà. Ìgbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ ni ọ̀ràn wà. Ọkọ̀ tí wọ́n máa ń fà wá bá wa ní Kàbà níbí lẹ́yìn tó ti fara gbá nǹkan, ìsọ̀kalẹ̀ ló sábà máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Torí náà, kí ẹ tó ná owó sórí ẹ̀rọ amúlétutù tàbí rédíò, ẹ ná an sí bíréèkì àti táyà.

Kánádà tí ẹ dárúkọ yẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ kí ẹ wo abẹ́ ọkọ̀. Nígbà òtútù, iyọ̀ ni wọ́n máa ń dà sójú títì níbẹ̀ kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ yẹn á máa ta sábẹ́ ọkọ̀ lọ́dọọdún títí wọ́n á fi gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi wá síbí. Tó bá dé, wọ́n á fi ọ̀dà dúdú kùn ún lábẹ́, á máa dán. Páìpù bíréèkì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ọ́ìlì bíréèkì lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ni èmi máa ń kọ́kọ́ wá. Ìpẹtà ń jẹ ẹ́ bí ikán ṣe ń jẹ òpó ilé: ọ̀dà á wà lókè, irin á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lábẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ọkọ̀ sókè, kí ẹ sì dúró tì wọ́n. Kí mẹkáníìkì fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha páìpù náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, pàápàá níbi tí kílíìpù ti há a mọ́ra, torí ibẹ̀ ni iyọ̀ àti ẹrẹ̀ máa ń sá pa mọ́ sí. Ibi tó bá ti wú tàbí tó ń ṣí ní ìpele-ìpele, kí wọ́n pààrọ̀ odindi páìpù náà. Ẹ má gbà kí wọ́n fi rọ́bà so ó, ẹ má sì gbà kí wọ́n jó o pọ̀.

Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan jókòó, kó tan ẹ́ńjìn, kó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gidi, kó má sì gbé ẹsẹ̀ kúrò fún bí ìṣẹ́jú kan. Kí ẹlòmíràn máa wo abẹ́ ọkọ̀. Bí pẹ́dà bá ń rọra wọlé lọ, ẹ má tíì ronú ìrìn àjò kankan.

Ọ́ìlì bíréèkì náà ń kọ́? Ó máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Irú ọ́ìlì bíréèkì tí wọ́n ń pè ní DOT 3 ni wọ́n ń lò fún Sienna yín. Tuntun rẹ̀ kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó tó 205°C, ṣùgbọ́n tí omi bá ti wọ inú rẹ̀, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í hó ní 140°C. Bíréèkì tí wọ́n ń tẹ̀ ṣáá lórí ìsọ̀kalẹ̀ lè gbóná débẹ̀. Tí ọ́ìlì bá sì hó, atẹ́gùn gbígbóná ló kù nínú páìpù. Pẹ́dà á rọ̀, á wọlẹ̀ pátápátá, ọkọ̀ ò sì ní dúró. Ẹ ní kí wọ́n da ti inú rẹ̀ nù, kí wọ́n rọ tuntun sí i, kí wọ́n sì lé atẹ́gùn jáde ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àgékù inú ike tó ti wà ní ṣíṣí sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kò dára fún iṣẹ́ yìí. Ẹ tún ní kí wọ́n ṣí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ṣúù, bíréèkì tó fara pamọ́ sínú agolo irin, ló wà níbẹ̀ lára ọ̀pọ̀ Sienna ọdún yẹn, kì í ṣe páàdì, àwọn ẹgbẹ́ wa ò sì fẹ́ràn àtiṣí i, torí ti iwájú ló rọrùn láti yọjú wò.

Ẹ ṣì wà lábẹ́ ọkọ̀ o. Sípíà táyà yín, abẹ́ níbẹ̀ ni wọ́n fi okùn irin so ó rọ̀ sí. Ní 2010, Toyota pe Sienna tí wọ́n ṣe láti 1998 sí 2010 padà ní àwọn ìpínlẹ̀ olótùútù ní Amẹ́ríkà, torí iyọ̀ ojú títì ń jẹ okùn yẹn, táyà sì lè já bọ́ lójú ìrìn. Iyọ̀ kan náà ni ti Kánádà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ táyà náà kalẹ̀, kí ẹ rí okùn yẹn, kí ẹ sì rí i pé táyà ọ̀hún gan-an ní afẹ́fẹ́. Tí okùn ò bá dára, ẹ gbé táyà sínú ọkọ̀.

Ní ti àwọn táyà tó wà lẹ́sẹ̀, ẹ má wo eyín wọn nìkan. Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára àkọlé DOT tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà. Bó bá jẹ́ 3518, ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì ọdún 2018 ni wọ́n ṣe é. Táyà tòkúnbọ̀ lè ní eyín tó jinlẹ̀ kí ara rẹ̀ sì ti gbẹ, kó máa sán. Afẹ́fẹ́ tí ẹ ó fi sí i wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Àárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ni kí fọkanáísà fi géèjì wọ̀n ọ́n. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ ta táyà tó wá ní “ó ti tó, màdáàmù”, ẹ kúrò níbẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ bi mẹkáníìkì yín nípa ẹ́ńjìn yẹn: ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ béélítì táímíǹgì rẹ̀? Ẹ́ńjìn 3.3 tó wà nínú 2005, béélítì ló ń lò, kì í ṣe ṣéènì, nǹkan bíi kìlómítà 145,000 ni wọ́n sì ní ká máa pààrọ̀ rẹ̀. Bí kò bá sẹ́ni tó mọ̀, ẹ gbà pé wọn ò tíì ṣe é. Tó bá já, ẹ́ńjìn á kú lójú ẹsẹ̀, sítíárì á le, bíréèkì náà á sì le gbagidi lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta. Ẹ fojú inú wò ó lórí ìsọ̀kalẹ̀.

Ti rédíétọ̀ ò pọ̀. Kúláǹtì ni kó wà níbẹ̀, kì í ṣe omi ẹ̀rọ lásán, kí fáànù méjèèjì sì máa yí. Ẹni tó bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun yọ tẹmósítáàtì, tó ń ṣọ́ ooru ẹ́ńjìn, sọnù torí pé “ilẹ̀ olóoru la wà”, ẹ má dá a lóhùn. Tí abẹ́rẹ́ ooru bá ń gòkè bí ẹ ti ń gun òkè, ẹ pa amúlétutù. Tí kò bá sọ̀, ẹ dúró, kí ẹ má sì ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó ṣì gbóná.

Ó kù sí ọwọ́ ẹni tó ń wà á. Orí òkè, kí ọkọ̀ tó dojú kọ ìsàlẹ̀, ni kí ẹ ti mú jíà kúrò ní D. Ẹ ó rí 3 àti 2 nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi sí 3. Bó bá ṣì ń sáré, ẹ fi bíréèkì dín eré rẹ̀ kù, kí ẹ wá fi sí 2. Ẹ́ńjìn á ké sókè, ẹ má jáyà, òun ló ń di ọkọ̀ mú yẹn. Tí ẹ bá fẹ́ tẹ bíréèkì, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó dun ọkọ̀, kí ẹ sì tú u sílẹ̀ kó rí afẹ́fẹ́. Ẹ má fẹsẹ̀ lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ má sì fi sí N. Àwọn tó ń ṣe é ní àwọn ń ṣọ́ epo jẹ, wọn ò sì mọ̀ pé ọkọ̀ bíi tiyín máa ń dá epo dúró fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ń sọ̀ nínú jíà tí ẹsẹ̀ ò sí lórí epo. N gan-an ló ń jẹ epo, torí ẹ́ńjìn gbọ́dọ̀ máa dá ara rẹ̀ yí. Tí ẹ bá gbóòórùn bíréèkì tó ń jó, ẹ wá ibi tó tẹ́jú dúró sí, kó tutù fúnra rẹ̀. Ẹ má bu omi sí i. Irin gbígbóná lè ká tàbí kó sán.

Òkè Pàtí ní Lọ́kọ́jà dára láti dán gbogbo èyí wò. Ọ̀nà tó gun orí rẹ̀ lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, àwọn ọmọ á sì rí ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Bí bíréèkì bá ń rùn tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ tán, Lọ́kọ́jà ni kí ẹ ti wá mẹkáníìkì, ẹ má gbé e wọ ọ̀nà Kàbà. Tírélà sìmẹ́ńtì pọ̀ ní ọ̀nà Ọbàjànà; tí èyí tó wà níwájú bá ń fà, ẹ jẹ́ kó máa fà, ẹ ò gbọdọ̀ yà á sílẹ̀ ní kọ́nà.

Níbi tí ẹ bá ti fẹ́ dúró ya fọ́tò, ní Ògìdì tàbí níbòmíràn, kí ọkọ̀ kúrò lójú títì pátápátá. Ẹ kọ́kọ́ tẹ bíréèkì ìdúró (ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ ti Sienna yín, kì í ṣe ọwọ́), kí ẹ tó fi jíà sí P, kí ẹ sì fi òkúta há táyà. Tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ gbé òkúta yẹn kúrò. Òkúta tí àwọn èèyàn fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà ti ba nǹkan jẹ́ ju kòtò lọ, inú sì máa ń bí mi sí i. Àwọn ọmọ lè yà síbi iṣẹ́ ọnà tí Nike Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì, dá sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kó di apá ìparí oṣù Kejìlá kí ẹ tó wá, torí tí ọyẹ́ bá ti mú dáadáa, kùrukùru á bo òkè, ẹ ò sì ní fi bẹ́ẹ̀ rí i.

Ẹ rìn lójúmọmọ. Kí ẹ tó kúrò ní Lọ́kọ́jà, ẹ pe ará ilé kan tó gba ọ̀nà náà láìpẹ́, kó sọ bó ṣe wà. Nọ́ńbà Road Safety ni 122, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń lọ láàárín òkè, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e nìkan.

Èèyàn mẹ́jọ, tí a bá fojú bù ú ní kílò 65 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ti di kílò 520, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ohun tí wọ́n ṣe ọkọ̀ yẹn láti rù. Mo sì mọ àwọn ará Yàgbà: ẹ ò ní kúrò ní Ìsánlú láìjẹ́ pé wọ́n ti kó iṣu sẹ́yìn ọkọ̀ yín. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dì í sórí òrùlé, torí ọkọ̀ á máa fì ní kọ́nà. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ mú méjì-mẹ́ta sẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ, kí ẹ fi ìyókù ránṣẹ́ láti gáréèjì.