Masters Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà Láti Ìkọ̀lé: Ta Ni Yóò Ka Ìwé-Ẹ̀rí Náà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni mò ń gbé. Mo ṣe HND nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ní Póòlì ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Ádó, èmi ni mo sì ń bójú tó kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́ mi. Masters ló wù mí báyìí, ṣùgbọ́n wọn ò ní fún mi láyè níbi iṣẹ́ láti máa lọ sí kíláàsì, ìyàwó mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní èèyàn lè jókòó sílé ṣe Masters ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí ti kọ̀ǹpútà ní yunifásítì Amẹ́ríkà, kó má fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ títí yóò fi gboyè. Òmíràn ní ìjọba wa kì í ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ṣé HND mi á gbé mi wọlé? Èló ni yóò ná mi?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ kú ewu ọmọ o. Ọlọ́run á wo ọmọ náà dàgbà.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ méjèèjì ni wọn ò parọ́, àmọ́ kálukú wọn mú ibi tó mọ̀ níbẹ̀ sọ ni. O lè ṣe é láti ilé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n á fi gbà ọ́ síṣẹ́ kíá ní ilé-iṣẹ́ aládàáni l'Ékòó lè má wúlò fún ọ ní sẹkitéríàtì l'Ádó. Ìdí nìyí tí mi ò fi ní tíì dárúkọ ilé-ìwé kankan. Sọ fún ara rẹ ná: ta ni o fẹ́ kó ka ìwé-ẹ̀rí yẹn? Èsì ìbéèrè yìí ni yóò yan ilé-ìwé fún ọ, kì í ṣe èmi, kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ.

Bó bá jẹ́ ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba lò ń lé, tàbí o fẹ́ di olùkọ́ ní póòlì tàbí yunifásítì, òfin Nàìjíríà ló máa ka ìwé rẹ. NUC ló ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ ní yunifásítì abẹ́lé. Má sì jẹ́ kí orúkọ yunifásítì nìkan tẹ́ ọ lọ́rùn. Wádìí bóyá kóòsì tí o fẹ́ ṣe gan-an ní àṣẹ, àti bóyá wọ́n láṣẹ láti fi kọ́ni láti òkèèrè. Bó bá jẹ́ ti òkè òkun, Ilé-iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ l'Ábújá ló ń yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò. Ojú wọn sì ti là gidi. Ní ìparí ọdún 2023, akọ̀ròyìn Daily Nigerian kan gbé e jáde pé òun gba oyè yunifásítì ní Kòtònù láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa bẹ̀rẹ̀, ìjọba ti dá yíyẹ ìwé-ẹ̀rí láti Benin àti Togo wò dúró. Ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó yanjú kò bá èyí tan rárá. Síbẹ̀, ẹni tó jókòó sídìí tábìlì l'Ábújá kò mọ bí o ṣe fi òru kàwé, ẹ̀rí ló máa béèrè. Kí o tó san kọ́bọ̀, kọ lẹ́tà sí wọn, dárúkọ ilé-ìwé náà, sọ pé láti ilé lo fẹ́ ti ṣe é, kí o sì jẹ́ kí wọ́n fi èsì ránṣẹ́ sí ọ ní kíkọ. Ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ fún ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ rẹ. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò ní gbèjà rẹ lọ́dún mẹ́ta sí i.

Ohun kan tún wà tí inú àwọn èèyàn kì í dùn láti gbọ́. Masters kò lè sọ ẹni tí kò bá ìmọ̀ ẹ̀rọ bọ̀ láti ìpìlẹ̀ di ẹnjiníà lójú COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Láti 1970 ni òfin ti gbé àjọ náà kalẹ̀, ìwé tí o kọ́kọ́ gbà ni wọ́n sì máa ń wò, bóyá àwọn fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà tàbí wọn ò fọwọ́ sí i. HND tó wà lọ́wọ́ rẹ, ipò technologist ló bá mu, kì í ṣe ti ẹnjiníà. Bí o bá gba Masters Computer Science láti Atlanta l'Amẹ́ríkà lọ́la, ìyẹn nìkan kò ní yí ipò náà padà. Bó bá jẹ́ pé oyè "Engr." ló wà lọ́kàn rẹ, ọ̀nà mìíràn ni wàá gbà. Bó bá sì jẹ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lo fẹ́ fi jẹun, CPN, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà, tí òfin 1993 dá sílẹ̀, ló kàn ọ́.

Ẹni kẹta tó lè ka ìwé rẹ ni ilé-iṣẹ́ aládàáni, nílé tàbí lókè òkun. Àwọn ìyẹn kì í sábà béèrè ibi tí o jókòó sí kàwé. Wọ́n á wo orúkọ ilé-ìwé, wọ́n á wá ní kí o jókòó kí o kọ kóòdù lójú àwọn.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kòrónà ló bí ẹ̀kọ́ báyìí. Láti 1969 ni Yunifásítì Stanford l'Amẹ́ríkà ti ń fi tẹlifíṣọ̀n gbé kíláàsì lọ bá àwọn ẹnjiníà níbi iṣẹ́ wọn. Ní 1984, National Technological University bẹ̀rẹ̀ ní Colorado, sátẹ́láìtì ni wọ́n sì fi ń gbé ẹ̀kọ́ káàkiri. Ẹni bíi tìrẹ gan-an ni wọ́n ṣe é fún: ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tí kò lè tìtorí ìwé fi í sílẹ̀.

Nílé níbí, NOUN, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí èèyàn lè ti ilé kà, ni kí o kọ́kọ́ wò. Ìjọba ológun tì í pa ní 1984, wọ́n sì tún un ṣí ní 2002. Ibùdó rẹ̀ wà l'Ádó. Ó ní PGD, ìyẹn díplómà tó máa ń ṣáájú Masters, nínú Information Technology, ó sì ní M.Sc. rẹ̀, ìyẹn Masters, pẹ̀lú. Wàá máa ka ìwé wọn nílé, wàá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n ń pè ní TMA, wàá wá jókòó ṣe ìdánwò ní ibùdó. Nítorí HND rẹ, PGD yẹn ló máa ṣáájú, torí ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ló ń béèrè PGD kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹni tó ní HND ṣe Masters. Ó ń dun èmi náà, torí mo mọ ohun tí àwọn ọmọ póòlì lè ṣe, àmọ́ bí òfin ṣe wà nìyẹn.

Lókè òkun, èyí tí mo mọ̀ pé owó rẹ̀ kò gani lára jù ni OMSCS, Masters kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Georgia Tech, yunifásítì kan ní Atlanta, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2014. Kóòsì 10 ni, gbogbo owó rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin tó nǹkan bíi 7,000 dọ́là, ọdún mẹ́fà ni wọ́n sì fún ọ láti fi parí rẹ̀. Yunifásítì Texas tó wà ní Austin bẹ̀rẹ̀ irú tirẹ̀ ní 2019, 10,000 dọ́là ni tiwọn. Ìwé-ẹ̀rí Georgia Tech kò kọ ọ́ síbì kan pé orí íntánẹ́ẹ̀tì lo ti ṣe é. Mi ò ní bá ọ ṣírò rẹ̀ sí náírà, torí iye tí dọ́là bá wà lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ san án ni tìrẹ. Díẹ̀díẹ̀ lèèyàn ń san án, kóòsì kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ló sì mú kó ṣeé gbé fún olówó oṣù.

Wíwọlé rọrùn ju jíjáde lọ níbẹ̀. Láàárín ọdún àkọ́kọ́, o gbọ́dọ̀ gba B, ó kéré tán, nínú kóòsì ìpìlẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ò ní jẹ́ kí o tẹ̀ síwájú. Oyè yunifásítì tàbí èyí tó bá a dọ́gba ni wọ́n sì ń béèrè, HND nìkan lè má tó. Fún irú rẹ, mo fẹ́ kí o wo Yunifásítì Colorado ní Boulder dáadáa. Masters kọ̀ǹpútà wọn àti ti ẹ̀rọ iná mànàmáná tó wà lórí Coursera, ìkànnì ẹ̀kọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò béèrè transcript (àkọsílẹ̀ máàkì rẹ) kí o tó bẹ̀rẹ̀. Kóòsì díẹ̀ ni wàá kọ́kọ́ ṣe, bí máàkì rẹ bá sì dé ibi tí wọ́n fẹ́, o ti wọlé nìyẹn. Ó tọ́ sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ ju bí ìwé rẹ̀ ṣe sọ lọ. Ṣùgbọ́n má gbàgbé pé Ábújá ṣì lè wo ohun tó ṣáájú Masters náà.

Ìmọ̀ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ le ju kọ̀ǹpútà lọ láti ṣe láti òkèèrè. Kóòdù, lápútọ́ọ̀pù rẹ ni láàbù rẹ. Ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀rọ tẹ kọnkéré títí yóò fi fọ́, kó lè mọ agbára rẹ̀, kò lè ṣe é lórí fóònù. Nítorí náà, ohun tó pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni èyí tí ìṣirò àti sọ́fítíwíà gbé: ìṣàkóso iṣẹ́ ẹ̀rọ, systems engineering, signal processing. Bó bá jẹ́ ti láàbù lo fẹ́, ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ FUOYE, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ Ọyẹ́-Èkìtì, wà nílùú tí o ń gbé yẹn. Lọ béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣètò Masters wọn kí o tó máa wo Amẹ́ríkà.

Owó ilé-ìwé kọ́ ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró. Àkókò ni, iná ni, nẹ́tíwọ̀kì ni. Kóòsì kan gidi á gbà tó wákàtí 10 sí 20 lọ́wọ́ rẹ lọ́sẹ̀. Bí olùkọ́ bá ní òun máa jókòó dá ìbéèrè lóhùn ní agogo mẹ́jọ alẹ́ ní Atlanta, agogo kan òru ni l'Ékìtì, tàbí méjì nígbà òtútù tiwọn. Bí wọ́n bá ní kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú "anywhere on earth", ìyẹn ni pé o ní títí di nǹkan bí agogo kan ọ̀sán ọjọ́ Ajé níhìn-ín. Ó dùn létí, àmọ́ ẹnu iṣẹ́ lo máa wà nígbà náà.

Ìdánwò ló wá le jù. Kámẹ́rà lápútọ́ọ̀pù á máa wò ọ́. Wàá fi káàdì ìdánimọ̀ rẹ hàn án, wàá gbé lápútọ́ọ̀pù yí yàrá ká, orí tábìlì, abẹ́ tábìlì, kí wọ́n lè rí i pé kò sí ìwé níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé wá bá ọ. Ọmọ tuntun ń sunkún nínú yàrá kejì, NEPA mú iná lọ, ìnfátà gbà á, nẹ́tíwọ̀kì náà wá lọ torí òpó tó wà ládùúgbò kò ní iná mọ́. Ìyà tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ra síìmù ti ilé-iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí o bá ní ẹbí l'Ádó tí fáìbà, okùn íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń ri mọ́lẹ̀, dé ọ̀dọ̀ wọn, lọ sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò. Ní 2020 ni ìjọba ìpínlẹ̀ wa dín owó tí ilé-iṣẹ́ fi ń gba àyè láti ri fáìbà kù láti 4,500 náírà sí 145 náírà fún mítà kan. Ó wù mí kó dé gbogbo ìlú Èkìtì, àmọ́ yàrá tí o máa ti kàwé gan-an ni kí o yẹ̀ wò, kí o sì yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́ tí gbogbo ayé wà lórí nẹ́tíwọ̀kì.

Ohun tí èmi máa ṣe bó bá jẹ́ èmi ni ìwọ rèé. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ìjọba ni, mi ò ní jà raburabu: PGD ni NOUN, kí M.Sc. tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni ni, Colorado ni mo máa fi dán ara mi wò. Èyí tó wù kó jẹ́, má tíì sanwó. Georgia Tech gbé fídíò ẹ̀kọ́ ọ̀pọ̀ kóòsì wọn síta lọ́fẹ̀ẹ́. Mú ọ̀kan, wò ó fún oṣù méjì, ní àkókò kan náà tí wàá máa fi kàwé bí o bá ti sanwó. Bí oṣù méjì bá pé tí o ṣì wà nídìí rẹ̀, forúkọ sílẹ̀. Bí o bá rí ẹ̀jẹ́ńtì tó ní òun á bá ọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, sá fún un: wọ́n ní sọ́fítíwíà tó ń fi kóòdù ẹnìkan wé ti ẹlòmíràn, tí wọ́n bá sì mú ọ, owó lọ, orúkọ lọ.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, gba Póòlì lọ, kí o béèrè transcript rẹ ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú èsì ìdánwò. Ó lè pẹ́ kó tó jáde. Bí o bá ti débẹ̀, wá olùkọ́ méjì tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dáadáa kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì tàbí kí wọ́n tó lọ sílé-ìwé mìíràn, bẹ̀ wọ́n pé wọ́n á bá ọ kọ lẹ́tà, kí o sì gba nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì wọn. Lẹ́yìn náà, kọ̀wé sí mi, sọ iye máàkì HND rẹ àti ẹni tí o fẹ́ kó ka ìwé-ẹ̀rí náà, a ó jọ wo ilé-ìwé tó kù.