Ẹ̀jẹ̀ dídì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni kí ẹ múra sílẹ̀ dè

Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí mi, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ẹ ní dókítà yín ní London fẹ́ kí ẹ ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń dín àpò oúnjẹ kù, ẹ ní jẹjẹrẹ ilé ọmọ ló mú màmá lọ, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí ń dẹ́rù bà yín pé wọ́n á ba iṣan ẹ̀jẹ̀ yín jẹ́ lórí tábìlì. Èmi ti ṣe é, ojú mi sì rí nǹkan.

Tèmi ni pé kí ẹ ṣe é. Ọ̀rọ̀ oge kọ́ rárá. Ọ̀rá ara a máa pèsè ẹstirójìn, ìyẹn họ́mónù obìnrin, kódà lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, òun ló sì ń mú kí inú ilé ọmọ máa nípọn ṣáá títí tó fi lè di jẹjẹrẹ. Láti 1987 ni àwọn ará Sweden ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn èèyàn bí 2,000 tó ṣe iṣẹ́ abẹ yìí àti bí 2,000 tí kò ṣe é. Nígbà tó di 2009, wọ́n gbé e jáde pé jẹjẹrẹ dín kù láàárín àwọn obìnrin tó ṣe é. Ilé ìwòsàn Cleveland Clinic ní Amẹ́ríkà gbé tiwọn jáde ní 2022: àwọn jẹjẹrẹ tó bá sísanra rìn fi ìdá 32 nínú 100 dín kù.

Ti iṣan ẹ̀jẹ̀ yẹn, àwọn ẹbí ò parọ́ tán. Òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti inú ọkàn wá gba ẹ̀yìn ìdodo kọjá, ohun èlò àkọ́kọ́ tí wọ́n fi gún ikùn sì lè kàn án. Ṣùgbọ́n kò tó ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún. Ẹ bi dókítà léèrè ibi tó máa ń gbà wọlé àti ohun tí wọ́n máa ṣe tí ẹ̀jẹ̀ bá ya.

Ilé ni ohun tó bá mi fínra ti ṣẹlẹ̀. Ẹsẹ̀ mi òsì wú lẹ́yìn ojúgun, ó gbóná ju ìkejì lọ, tí mo bá tẹ̀ ẹ́ á máa ro mí wọ eegun. Àwọn ará ilé ní àárẹ̀ ni, kí n lọ sùn. Ìgbà tí mo gun àtẹ̀gùn tí èémí ò kà mọ́ la tó sáré gba ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì lọ ní ilé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ tó dì lẹ́sẹ̀ ti já dé ẹ̀dọ̀fóró. Lẹ́yìn tí èèyàn bá padà sílé ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì tí wọ́n bá kó fún yín lọ sílé, ẹ gún un pé. Ẹ fi ìka méjì di awọ ikùn mú, kí abẹ́rẹ́ wọlé ṣánṣán, ẹ má fi ọwọ́ ra ojú ẹ̀. Tí ẹ bá jẹ́ Mùsùlùmí, ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ enoxaparin, ọ̀kan nínú àwọn abẹ́rẹ́ yìí. Ẹ béèrè fondaparinux tí kò ní ẹlẹ́dẹ̀ nínú. Kí ẹ sì máa rìn nínú ilé, ẹni yòówù kó ní kí ẹ dùbúlẹ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí, lílo fítámì títí ayé ni o, B12 pàápàá.

Ohun kan kù. Ẹ wádìí ọjọ́ orí tí jẹjẹrẹ mú màmá, àti bóyá ẹlòmíì nínú ẹbí ní ti ìfun. Ẹ sọ fún GP, dókítà àdúgbò yín, kó yẹ̀ yín wò fún Lynch syndrome, ìyẹn àbùkù àjogúnbá tó máa ń fa jẹjẹrẹ ilé ọmọ àti ti ìfun, torí tó bá jẹ́ òun ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé, dídín ikùn kù nìkan ò lè gbà yín.