Ìdì ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ó tó kan ọ̀rọ̀ eegun

Arábìnrin mi, ẹ ní àbúrò yín ọkùnrin ṣubú lórí ọ̀kadà ní Kubwa ní ijẹ́rin, eegun ojúgun rẹ̀ kán, ilé ìwòsàn fi POP, ìyẹn ìdì ẹfun líle, dì í, wọ́n sì ní yóò tó oṣù 4 kí ó tó lè fi ẹsẹ̀ náà rìn dáadáa. Láti àná ni ó ti ń ké pé ìrora òun ti ju ti ọjọ́ tí ó ṣubú lọ, oògùn kò sì ràn án. Ìyá yín wá fẹ́ kí wọ́n tú POP náà, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ mai ɗori kan, ìyẹn atoeegun ní èdè Hausa, tí yóò dá ẹsẹ̀ adìyẹ láti fi mọ ìgbà tí ti àbúrò yín yóò sàn, tí yóò sì fi ọ̀sẹ̀ 3 wò ó sàn.

Kí a tó sọ ti adìyẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ nísinsìnyí. Ẹ tẹ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà títí yóò fi funfun, kí ẹ wá fi í sílẹ̀; kò yẹ kí ó ju ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ tí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi padà. Ẹ fọwọ́ kàn án bóyá ó tutù ju ti ẹsẹ̀ kejì lọ, kí ẹ sì béèrè bóyá ó ń ṣe é bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ ń gún ènìyàn. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra fa àwọn ọmọ ìka náà sókè. Bí ó bá kígbe nítorí ìyẹn nìkan, ẹ má dúró di òwúrọ̀, kódà bí àwọ̀ ìka náà bá dára.

Ọdún 2017 ni èmi náà ṣubú ní Mararaba, ní ìgbà òjò. Eegun méjèèjì tí ó wà nínú ojúgun ẹsẹ̀ mi kan ló kán, ṣùgbọ́n awọ ara kò bẹ́. Àwọn ẹbí ní kí a yẹra fún ọ̀bẹ dókítà, wọ́n sì gbé mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tí ó ń to eegun lójú ọ̀nà Keffi. Mi ò ní purọ́ mọ́ bàbá náà: ọwọ́ lásán ni ó fi wá ojú ibi tí eegun ti kán, ó sì rí i kíákíá. Ó na ẹsẹ̀ náà, ó to igi pẹlẹbẹ 7 yí i ká, ó sì fi okùn aṣọ dì í pinpin. Aago 4 ìrọ̀lẹ́ nìyẹn. Nígbà tí yóò fi di aago 9 alẹ́, mo ti ń gé aṣọ ìbora jẹ. Ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ń sọ fún mi pé "sai haƙuri", èmi náà sì ń ṣe sùúrù. Nọ́ọ̀sì kan tí a jọ ń gbé àdúgbò, ọmọ Ọ̀fà, ló gbé oúnjẹ wá, tí ó fọwọ́ kan ọmọ ìka mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí kò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó fi ọ̀bẹ ọsàn já gbogbo okùn náà.

Iṣẹ́ abẹ ni mo bá lọ lóru ọjọ́ náà. Dókítà ṣàlàyé pé inú àpò líle tí kì í fẹ̀ ni àwọn iṣan ojúgun wà, bíi mọ́ínmọ́ín tí a pọ́n sínú ewé: bí inú bá ń wú tí ewé kò sì gbà, ohun tí ó wà nínú ni yóò máa fún ara rẹ̀ pa. Ẹ̀jẹ̀ kì í rí ọ̀nà wọlé mọ́, bí ó bá sì tó bíi wákàtí 6, ẹran ara á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Wọ́n la ojúgun mi ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ó lè rí àyè wú. Títí di òní, bí mo bá tẹ iyanrìn gbígbóná, apá kan àtẹ́lẹsẹ̀ mi kì í mọ̀.

POP tí ó bá fún jù lè ṣe ohun kan náà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ dókítà fi máa ń kọ́kọ́ fi ìlàjì POP gbé ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ró, tí wọ́n á fi báńdéèjì dì í, títí wíwú yóò fi lọ. Nítorí náà, ìyá yín lè jàre pé ìdì náà ló ń dun ọmọ; ibi tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ ni mi ò fara mọ́.

Ní ti ọ̀sẹ̀ 3, ẹsẹ̀ adìyẹ lè yára san, ṣùgbọ́n adìyẹ kò gbé ara tí ó wọ̀n tó kìlógíráàmù 70. Ẹ̀jẹ̀ tí ó dì sójú ibi tí eegun ti kán ni ó máa ń di ohun tí ó rọ̀ bíi kerekere ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í le di eegun. Ojúgun àgbàlagbà sábà máa ń gba oṣù 3 sí 6. Eegun ọmọdé yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ló sì ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ìrora máa ń lọ ṣáájú kí eegun tó so pọ̀, nítorí náà àwòrán X-ray ni kí ẹ fi mọ̀, kí wọ́n yà á láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́, kí orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ sì hàn nínú rẹ̀. Bí àbúrò yín bá ń mu sìgá, kí ó jáwọ́. Ó ń fa ìsopọ̀ eegun sẹ́yìn.

Bí ẹ bá ń gbé e padà lọ sí ilé ìwòsàn lálẹ́ yìí, ẹ tẹ́ ẹsẹ̀ náà gbọọrọ sórí ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀, kí ó má ga ju àyà rẹ̀ lọ. Ẹni tí ẹ bá kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà, ẹ sọ fún un pé wọ́n ti fi POP dì í, láti àná sì ni ìrora ti ń pọ̀ sí i, tí oògùn kò sì ràn án, kí wọ́n la POP náà wò. Ẹ má sọ pé "ẹsẹ̀ ń dùn ún" lásán, nítorí bí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kí ẹ dúró.